Kò Sí Mólíkù Nínú Iyọ̀

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àti àwọn òbí sọ ní Iléṣà. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè ṣe é kà, mo sì fi díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un lẹ́yìn.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ìdánwò WAEC ń dúró dè, mo kí yín o. Ìjẹ̀ṣà, ọmọ ẹlẹ́ní ẹwẹlẹ, ẹ kú ìjókòó. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti wá, ọ̀nà ò sì jìn, nítorí náà n kò ní àwáwí kankan bí ọ̀rọ̀ mi ò bá dùn.

Gbólóhùn kan tó le díẹ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: kò sí mólíkù nínú iyọ̀. Átọ̀mù ni ẹ̀yà kékeré tó kóra jọ di gbogbo nǹkan; mólíkù ni átọ̀mù mélòó kan tí wọ́n so pọ̀ di ẹyọ kan tó dá wà. Bí ẹ bá bu ṣíbí iyọ̀ kan, tí ẹ sì ní ẹ̀rọ tó lè fi ohun tó kéré jù lọ hàn yín, ẹ ò ní rí ohun kan níbẹ̀ tí ẹ ó nawọ́ sí pé mólíkù iyọ̀ rèé. Bẹ́ẹ̀ ìwé àjákọ àwọn ọmọ wa kún fún "mólíkù sódíọ́mù kílóráìdì kan", ìyẹn orúkọ iyọ̀ nínú kẹ́míkà. Wọ́n á há a sórí, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìdánwò, olùkọ́ á sì fún wọn ní máàkì lé e lórí.

Àwọn kan á ní kí ló kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá. Ẹ lọ sí ilé ìdáná. Ẹ bu iyọ̀ sínú páànù gbígbẹ, ẹ gbé e ka iná. Ó lè máa ta pàràpàrà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ko iná náà títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní yọ́. Ẹ wá bu ṣúgà sínú páànù kejì. Kò ní pẹ́ tí yóò fi yọ́, yóò pọ́n, yóò di dúdú, gbogbo ilé á sì máa rùn. Funfun ni méjèèjì, àwọn méjèèjì ló ń yòrò nínú omi, ahọ́n nìkan ló sì lè tètè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ẹni tó bá rò pé mólíkù ló wà nínú méjèèjì kò ní lè sọ ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí láéláé. Ohun tí mo wá sọ kò ju pé bí ẹ bá rí ohun kan, ẹ má kàn béèrè fọ́múlà rẹ̀. Ẹ béèrè irú ẹ̀yà tó kóra jọ di ohun náà: ṣé átọ̀mù lásán ni, ṣé áyọ́nù ni (n ó ṣàlàyé rẹ̀ láìpẹ́), àbí mólíkù?

Kí n tó lọ jìnnà, ẹnì kan ti bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé ṣé èdè Yorùbá yóò lè gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ní 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ wọn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kò gbẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà ti ní ìdáhùn kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Inú ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé wúrà wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lọ́nà Iperindo àti Igun, ibi ìwakùsà ńlá Segilola sì da wúrà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 2021. Kí ló wà nínú ègé wúrà kan? Átọ̀mù wúrà ni, kò sí ohun mìíràn. Ní àárín átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ni kókó kan wà tí àwọn prótọ́nù ń gbé, wọ́n ní iná àròpọ̀ (+), ìyẹn iná bíi ti mànàmáná, kì í ṣe ti ìdáná. Àwọn ẹ̀lẹ́kítrọ́nù wà yíká kókó náà, iná tiwọn jẹ́ ti àyọkúrò (−). J. J. Thomson ló fi hàn ní 1897 pé ẹ̀lẹ́kítrọ́nù wà, Ernest Rutherford sì fi hàn ní 1911 pé kókó wà láàárín. Iye prótọ́nù ló ń sọ irú ohun tí nǹkan jẹ́. Ti wúrà jẹ́ 79. Bó bá jẹ́ 80, mákúrì ni. Bó bá jẹ́ 78, plátínọ́mù ni. Kò sí oògùn tàbí àdúrà tí a lè fi iná àdògán sè tí yóò fi prótọ́nù kún kókó átọ̀mù, nítorí náà ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín pé òun fẹ́ sọ bàbà di wúrà.

Nínú wúrà, àwọn átọ̀mù tò sún mọ́ra gbági, àwọn ẹ̀lẹ́kítrọ́nù ẹ̀yìn òde wọn sì ń rìn káàkiri láàárín gbogbo wọn, kò sí èyí tó jẹ́ ti átọ̀mù kan pàtó. Ìdí nìyẹn tí alágbẹ̀dẹ wúrà fi lè lù ú títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí awẹ́ àlùbọ́sà tí kò sì ní fọ́. Bí ìlà átọ̀mù kan bá yọ̀ kúrò lórí èkejì, ohun tó so wọ́n pọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Wúrà kì í tètè fi ẹ̀lẹ́kítrọ́nù rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ́síjìn tàbí fún omi, òun ló jẹ́ kó wà nínú ilẹ̀ láti ayébáyé láìdípẹtà. Irin kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé àdá sí ìta fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú òjò, ẹ ó rí i.

Àwọn tó ń fọ wúrà mọ òkúta kan tó ń dán yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀ bíi wúrà, tó ti já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀. Páíráìtì ni, FeS₂: irin àti imí-ọjọ́ ló para pọ̀ di òkúta náà. Ẹ lù ú ní òòlù, yóò fọ́ wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ wúrà á kàn tẹ́ ni. Ohun tó mú kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé nínú páíráìtì, átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n jọ di ara wọn mú. Bí wọ́n bá yẹ̀ kúrò ní àyè wọn, ìdìmú náà já. Àdàpọ̀ kẹ́míkà nìyẹn, ìyẹn átọ̀mù oríṣiríṣi tí wọ́n so pọ̀ ní ìwọ̀n tí kì í yí padà, wúrà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ká wá bọ́ sórí iyọ̀.

Sódíọ́mù tó wà nínú iyọ̀, bí ẹ bá rí i ní òun nìkan, mẹ́tàlì rírọ̀ kan ni tí a lè fi ọ̀bẹ gé. Inú òróró ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí nílé ẹ̀kọ́, torí pé bó bá kan omi, yóò gbiná. Kílórínì ni èkejì, òyì (gáàsì) aláwọ̀ ewé ràkọ̀ràkọ̀ kan tó máa ń jó ẹ̀dọ̀fóró. Ní April 1915, àwọn ọmọ ogun Jámánì tú u sí afẹ́fẹ́ ní Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n sì fi pa àwọn ọ̀tá wọn nínú yàrà. Àwọn méjì yìí ló para pọ̀ tí a fi ń jẹ ìrẹsì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn kò lọ́jú pọ̀. Sódíọ́mù ní prótọ́nù 11 àti ẹ̀lẹ́kítrọ́nù 11. Èyí tó kẹ́yìn nínú ẹ̀lẹ́kítrọ́nù yẹn dá wà ní ẹ̀yìn òde, kò wúwo láti mú kúrò. Kílórínì ní 17, ó sì ku ẹyọ kan kí ìlà ẹ̀yìn òde rẹ̀ kún. Ẹ̀lẹ́kítrọ́nù kan kúrò lọ́dọ̀ sódíọ́mù, ó bọ́ sọ́dọ̀ kílórínì. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: prótọ́nù sódíọ́mù ṣì jẹ́ 11, ẹ̀lẹ́kítrọ́nù ti di 10, nítorí náà iná àròpọ̀ kan ṣẹ́kù, a ń kọ ọ́ ní Na⁺. Prótọ́nù kílórínì jẹ́ 17, ẹ̀lẹ́kítrọ́nù di 18, iná àyọkúrò kan ló lé, Cl⁻. Átọ̀mù tí iná rẹ̀ kò bára dọ́gba mọ́ báyìí ni à ń pè ní áyọ́nù. Na⁺ kì í ṣe sódíọ́mù tó ń gbiná lójú omi, Cl⁻ kì í sì í ṣe òyì Ypres. Ẹ̀lẹ́kítrọ́nù kan péré ló yí ìwà àwọn méjèèjì padà.

Áyọ́nù oníná àròpọ̀ àti oníná àyọkúrò ń fa ara wọn. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ṣìnà, nítorí wọ́n á ya Na⁺ kan àti Cl⁻ kan sójú pátákó, wọ́n á fi ìlà sí àárín wọn, wọ́n á ní ó tán. Na⁺ kì í fa Cl⁻ kan ṣoṣo. Apá gbogbo ni agbára rẹ̀ ń lọ: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì, òkè, ilẹ̀. Nínú kóró iyọ̀, Cl⁻ mẹ́fà ló yí Na⁺ kọ̀ọ̀kan ká, Na⁺ mẹ́fà ló sì yí Cl⁻ kọ̀ọ̀kan ká, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ síwájú títí dé etí kóró náà. Ẹ̀yin ọmọ ẹlẹ́ní, ẹ ronú ẹní tí wọ́n fi koríko aláwọ̀ méjì hun: funfun, pupa, funfun, pupa, lóròó àti níbùú. Ta ló lè fi ìka tọ́ pupa kan àti funfun kan pé àwọn méjì yìí ni tọkọtaya? Èyí tó wà lápá ọ̀tún ńkọ́? NaCl tí à ń kọ, ìdíwọ̀n ni: fún Na⁺ kan, Cl⁻ kan. Ó ń sọ bí wọ́n ṣe pọ̀ sí ara wọn. Kò sọ pé méjì-méjì ni wọ́n so.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣòro fún yín láti gbà, ẹ má bínú sí ara yín. Ní 1913 ni William Lawrence Bragg, pẹ̀lú bàbá rẹ̀ William Henry Bragg, fi ìtànṣán X wo inú iyọ̀, tó sì rí i bí àwọn áyọ́nù náà ṣe tò. Ẹ̀bùn Nobel ti 1915 tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ lórí irú iṣẹ́ yìí, ọmọ náà ò ju ẹni ọdún 25 lọ. Síbẹ̀, ní 1927, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn rẹ̀, Henry Armstrong, àgbà onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí irun orí rẹ̀ ti funfun, kọ lẹ́tà ìbínú sí ìwé ìròyìn Nature. Ó ní ìsọkúsọ ni kí wọ́n sọ pé kò sí mólíkù nínú iyọ̀. Àgbà náà mọ kẹ́míkà o, iṣẹ́ tó ṣe pọ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ò mọ àgbà.

Nísinsìnyí a lè padà sídìí páànù wa. Kí iyọ̀ tó yọ́, ẹ ní láti tú áyọ́nù kúrò lọ́wọ́ aládùúgbò mẹ́fà tó dì í mú, gbogbo kóró náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n ìgbóná 801°C ló gbà. Iná gáàsì yín lè gbóná tó bẹ́ẹ̀ lójú ahọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n páànù àti iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò lè gbóná débẹ̀. Ẹ sì lu kóró iyọ̀ ńlá ní òòlù, yóò fọ́ pẹ́ẹ́, nítorí bí ìlà kan bá yẹ̀ díẹ̀, Na⁺ á kojú Na⁺, Cl⁻ á kojú Cl⁻, wọ́n á ti ara wọn sọnù.

Omi, tó rọ̀ jẹ́jẹ́, ń ṣe ohun tí páànù ò lè ṣe. Mólíkù omi ní ẹ̀gbẹ́ tó fi díẹ̀ jẹ́ àròpọ̀, ó ní ẹ̀gbẹ́ tó fi díẹ̀ jẹ́ àyọkúrò. Wọ́n á rọ́ yí áyọ́nù kọ̀ọ̀kan ká, wọ́n á tú u kúrò lára ìyókù. Nígbà tí iyọ̀ bá yòrò tán, Na⁺ ń lọ lọ́tọ̀, Cl⁻ ń lọ lọ́tọ̀, omi náà sì lè gbé iná mànàmáná. Michael Faraday ló mú orúkọ áyọ́nù wọ inú ìmọ̀ yìí ní 1834, ṣùgbọ́n ó rò pé iná mànàmáná ló ń fa nǹkan já sí áyọ́nù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Swídìn, Svante Arrhenius, sọ nínú iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1884 pé àwọn áyọ́nù ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú omi kí iná tó dé rárá. Máàkì tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní Uppsala fún un kéré tó fi jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kó pàdánù iṣẹ́ yunifásítì. Ní 1903, iṣẹ́ yẹn kan náà ló gba Nobel fún un. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rọra máa maàkì o.

Èmi fúnra mi, bí mo bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní áyọ́nù, ìdí ọṣẹ dúdú ni mo máa ń mú un lọ, kì í ṣe ìdí iyọ̀. Ilẹ̀ kòkó ni ilẹ̀ wa, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà, èèpo kòkó sì wà káàkiri oko. Àwọn ìyá tó mọṣẹ́ á sá èèpo náà gbẹ, wọ́n á jó o di eérú, wọ́n á kó eérú sínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, wọ́n á da omi lé e, omi aláwọ̀ ọtí á sì máa kán sílẹ̀ tó-tó-tó. Ẹ fọwọ́ kàn án, yóò máa yọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kan ojú.

Ohun tó wà nínú omi eérú yẹn jù lọ ni pòtásíọ́mù kábọ́nétì, K₂CO₃. Igi kòkó ti fa pòtásíọ́mù láti inú ilẹ̀ wá sínú èèpo náà, iná sì jó ìyókù dànù. Pòtásíọ́mù wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí K⁺. Èkejì ni kí ẹ wò dáadáa: CO₃²⁻. Kábọ̀nù kan àti ọ́síjìn mẹ́ta ni, wọ́n di ara wọn mú bí mólíkù ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo wọn lápapọ̀ gbé iná àyọkúrò méjì. Áyọ́nù kì í ṣe átọ̀mù kan ṣoṣo nígbà gbogbo. Ó lè jẹ́ agbo. Kábọ́nétì á gba ẹyọ háídírójìn kan lọ́wọ́ mólíkù omi, tí kò gbé ẹ̀lẹ́kítrọ́nù kankan lọ, ohun tó sì ṣẹ́kù lára omi náà ni OH⁻. OH⁻ yìí ló ń mú kí omi eérú yọ̀, òun náà ló ń ta lójú.

Wọ́n á wá da omi eérú sínú àdín, wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á máa rò ó. Mólíkù ni àdín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní ìrù gígùn mẹ́ta tí wọ́n so mọ́ ìdí kan. OH⁻ á já ìrù wọ̀nyẹn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí náà á bọ́ sọ́tọ̀ di gílísẹ́rìn, ìrù kọ̀ọ̀kan á sì di áyọ́nù tó gbé iná àyọkúrò ní orí rẹ̀. K⁺ tó ti wà nínú omi eérú ló ń ṣe ẹnìkejì rẹ̀. Ọṣẹ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ iyọ̀ ni ọṣẹ ní ti kẹ́míkà! Áyọ́nù ni méjèèjì. Àmọ́ áyọ́nù ọṣẹ ní orí tó fẹ́ràn omi, ó ní ìrù tí kò fẹ́ omi rárá, tó ń wá òróró kiri. Ìrù á wọ inú ẹ̀gbin olóròóró ara aṣọ, orí á dúró nínú omi, bí ẹ bá ti ń fi ọwọ́ bó o, gbogbo rẹ̀ á bá omi lọ. Ìdí tí ọṣẹ dúdú fi rọ̀, tí ọṣẹ gígé tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù fi le, ni pé K⁺ ló wà nínú ti àwọn ìyá wa, Na⁺ ló wà nínú ti ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń fi kọ́sítíìkì sódà se ọṣẹ nílé mọ ohun tí mò ń wí.

Mólíkù ńkọ́? Níbi tí átọ̀mù méjì bá ti pàdé, tí kò sí èyí tó ṣe tán láti yọ̀ǹda ẹ̀lẹ́kítrọ́nù rẹ̀, wọ́n lè jọ ní in. G. N. Lewis, ará Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé èyí ní 1916: ẹ̀lẹ́kítrọ́nù méjì-méjì tí àwọn átọ̀mù méjì jọ dì mú. Omi jẹ́ ọ́síjìn kan pẹ̀lú háídírójìn méjì, H₂O, nísinsìnyí ẹ lè tọ́ka sí i pé mólíkù omi kan rèé, nítorí ó dá wà, ó ní ààlà tirẹ̀. Ṣúgà ni C₁₂H₂₂O₁₁, átọ̀mù 45 nínú mólíkù kan, ẹ lè kà wọ́n. Níhìn-ín, fọ́múlà kì í ṣe ìdíwọ̀n mọ́, iye gan-an ló ń sọ. Nígbà tí ṣúgà bá yòrò nínú ẹ̀kọ yín, mólíkù rẹ̀ kò fọ́. Wọ́n kàn tú ká ni, olúkúlùkù pẹ̀lú átọ̀mù 45 rẹ̀. Kò sí ẹ̀yà tó ní iná níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi ṣúgà kì í fi í gbé iná mànàmáná bíi ti iyọ̀. Lórí páànù, mólíkù kan kò di èkejì mú tagbára-tagbára, wọ́n tètè ń tú. Bí iná bá sì pọ̀ jù, mólíkù fúnra rẹ̀ á já, háídírójìn àti ọ́síjìn inú rẹ̀ á bá ooru omi lọ, kábọ̀nù dúdú á kù sí páànù.

Iye átọ̀mù nìkan kò tó láti mọ mólíkù, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó di ẹni mú. Ẹ wo C₂H₆O. Bí wọ́n bá so wọ́n bákan, ọtí inú ẹmu àti ògógóró ni, tó ń hó ní 78°C. Bí wọ́n bá fi ọ́síjìn sí àárín kábọ̀nù méjèèjì, ó di òyì kan tí kò lè dúró nínú ife rárá, nítorí ní 24°C sísàlẹ̀ òdo ló ti ń hó. Kò sí átọ̀mù tó lé, kò sì sí èyí tó dín.

Mo ṣèlérí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé n ó fi ẹ̀gẹ́ àti wúrà sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó yá. Inú ẹ̀gẹ́ ni mólíkù kan wà tó ń jẹ́ linamárínì, C₁₀H₁₇NO₆. Ara rẹ̀ ni kábọ̀nù kan àti náítírójìn kan fara pamọ́ sí, wọ́n so pọ̀ dáadáa. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá wà láìfọ́, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rin ín, oje kan tó wà lọ́tọ̀ nínú ẹ̀gẹ́ kan náà á dé bá linamárínì, á já a, háídírójìn sáyánáìdì, HCN, á sì jáde. Májèlé ni. Inú dídùn ni pé ní nǹkan bí 26°C ló ti ń di òyì, nítorí náà rírìn, gbígbé òkúta lé àpò, rírẹ fún ọjọ́ mélòó kan, àti yíyan lórí agbada ni wọ́n ń lé e jáde. Gààrí tí ẹnì kan fi ìkánjú ṣe, kì í ṣe pé kò kan dáadáa nìkan ni, májèlé lè kù sínú rẹ̀.

Bí HCN bá fi háídírójìn rẹ̀ sílẹ̀ nínú omi láìmú ẹ̀lẹ́kítrọ́nù rẹ̀ lọ, CN⁻ ló kù, agbo átọ̀mù méjì tó gbé iná àyọkúrò kan. Mo sọ pé wúrà kì í fẹ́ fi ẹ̀lẹ́kítrọ́nù rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ́síjìn. Ṣùgbọ́n bí CN⁻ bá wà nítòsí, méjì nínú wọn á di átọ̀mù wúrà mú lápá méjèèjì, ọ́síjìn á wá rí ẹ̀lẹ́kítrọ́nù gbà, wúrà á sì yòrò sínú omi gẹ́gẹ́ bí áyọ́nù Au(CN)₂⁻. John MacArthur àti àwọn ọmọ Forrest méjì ní Glasgow ló gba ìwé àṣẹ ọ̀nà yìí ní 1887, òun sì ni ilé iṣẹ́ wúrà ńláńlá fi ń ṣiṣẹ́ káàkiri ayé títí dòní. Ohun tí àwọn ìyá wa ń fi agbada lé jáde nínú ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń fi yọ wúrà nínú òkúta.

Ẹ̀yin tó ń fọ wúrà lódò, tí ẹ ń lo mákúrì, ọ̀rọ̀ tiyín rèé. Mákúrì àti wúrà kàn ń pò mọ́ra ni, mẹ́tàlì méjì. Bí ẹ bá fi iná sí i, mákúrì á gbéra lọ bí èéfín tí ojú ò rí, yóò sì wọ inú yín àti ti àwọn ọmọ tó wà nítòsí. Ẹ má ṣe é nínú ilé. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ má ṣe é rárá.

Irú kan kù tí n kò lè fò, torí pé ọmọ Ifẹ̀ ni mí. Òkúta funfun tí wúrà ń bá rìn nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kúwọ́tì, SiO₂ ni fọ́múlà rẹ̀. Ó jọ CO₂ lójú ìwé. CO₂ jẹ́ mólíkù, òyì tí à ń mí síta. SiO₂ kì í ṣe mólíkù, kì í sì í ṣe áyọ́nù bíi ti iyọ̀. Sílíkọ́nù kọ̀ọ̀kan di ọ́síjìn mẹ́rin mú, ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan di sílíkọ́nù méjì mú, wọ́n so kọ́ra láti etí òkúta dé etí rẹ̀. Kí ó tó yọ́, ìgbóná rẹ̀ á kọjá 1,600°C. Ìyẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn baba wa ní Igbó Olókun ní Ifẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ìwalẹ̀ tí Abidemi Babalola darí níbẹ̀ kó ìlẹ̀kẹ̀ ju 12,000 lọ jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì. Àyẹ̀wò sì fi hàn pé gíláàsì náà ní ẹfun kálísíọ́mù àti àlúmínà (àlùmíníọ́mù pẹ̀lú ọ́síjìn) tó pọ̀ lọ́nà tí kò bá ti ibòmíràn mu: Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, láti nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ohun tí wọ́n pò mọ́ yanrìn, tí òun náà jẹ́ SiO₂, ló ń já ìsokọ́ra yẹn níbi díẹ̀díẹ̀, tí iná ìléru wọn fi lè ṣẹ́gun rẹ̀. Àwọ̀ búlúù inú àwọn kan nínú ìlẹ̀kẹ̀ náà, áyọ́nù kóbọ́ọ̀tì ló wà nídìí rẹ̀, bíńtín ló sì tó.

Àwọn ìbéèrè rèé.

Ọmọbìnrin kan ní aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ béèrè pé, bí iyọ̀ bá kún fún ohun tó ní iná, kí ló dé tí kì í gbé ọwọ́ òun? Ìbéèrè dáadáa ni. Iye iná àròpọ̀ àti ti àyọkúrò inú iyọ̀ bára dọ́gba, wọ́n sì ń pa ara wọn rẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nínú iyọ̀ gbígbẹ, áyọ́nù kankan ò lè kúrò ní àyè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó ní iná ní láti rìn kí iná mànàmáná tó lè kọjá.

Olùkọ́ kan fẹ́ mọ̀ bóyá idẹ tí wọ́n fi ṣe díẹ̀ nínú àwọn orí Ifẹ̀ jẹ́ àdàpọ̀ kẹ́míkà. Mo ní rárá o. Idẹ jẹ́ bàbà àti síǹkì tí wọ́n yọ́ pọ̀. Ẹ lè fi síǹkì díẹ̀ sí i, ẹ lè fi púpọ̀, idẹ náà ni. Omi kò gba irú ìyẹn: háídírójìn méjì sí ọ́síjìn kan ni, bí ẹ bá fi ọ́síjìn kejì sí i, ó ti di ohun mìíràn, èyí tí àwọn onírun ń lò láti fi bó àwọ̀ irun. Àwọn kan nínú àwọn orí náà kì í tiẹ̀ ṣe idẹ, bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ gaara ni, èyí tó ṣòro láti dà jù idẹ lọ.

Ìyá kan tó ń se ọṣẹ ló kẹ́yìn. Wọ́n ní omi kànga kan wà ládùúgbò àwọn tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, ẹ̀gbin funfun kan ló máa ń léfòó, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé ọṣẹ àwọn ni kò dáa. Mo ní, Mà á, ọṣẹ yín ò ṣe nǹkan kan. Omi yẹn ti gba inú òkúta kọjá, ó sì kó áyọ́nù kálísíọ́mù, Ca²⁺, tàbí ti mágínísíọ́mù, Mg²⁺, wá. Iná àròpọ̀ méjì-méjì ni wọ́n gbé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á gbá áyọ́nù ọṣẹ méjì mú, ohun tí wọ́n jọ dà kò sì lè yòrò, òun ni ẹ̀gbin funfun yẹn. Títí kálísíọ́mù á fi tán nínú omi náà, kò sí ọṣẹ tí yóò hó. Ẹ bu kán-ún díẹ̀ sí omi náà lálẹ́, ẹ jẹ́ kó sùn. Kábọ́nétì inú kán-ún á dì mọ́ Ca²⁺, wọ́n á di ẹfun, wọ́n á rọ̀ sísàlẹ̀. Ní àárọ̀, ẹ rọra da omi tó mọ́ lókè sínú abọ́ mìíràn, kí ẹ tó fi ọṣẹ kàn án. Wọ́n bi mí pé ṣé omi eérú àwọn náà kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Mo ní ó lè ṣe é, kábọ́nétì kan náà ni, ẹ kàn má jẹ̀ẹ́ kó pọ̀ jù, kó má baà bó yín lọ́wọ́.